Àsè Òtútù Nílé Felicia

Inú ìwé aláwòrán kan ni Felicia ti rí i. Ìwé náà wà nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó tó ti ń ṣiṣẹ́ ní Landover, ní Amẹ́ríkà, lórí tábìlì kékeré tí àwọn ẹbí arúgbó máa ń jókòó tì nígbà tí wọ́n bá wá kí ènìyàn wọn, àwọn tó bá ń wá. Òyìnbó mẹ́fà jókòó sílẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì, ìbọ̀sẹ̀ onírun wà lẹ́sẹ̀ wọn, ọbẹ̀ wà nínú kọ́ọ̀pù lọ́wọ́ kálukú, àbẹ́là ń jó lójú fèrèsé, yìnyín sì ń bọ́ lóde. Ẹnikẹ́ni ò wọ aṣọ ńlá. Ẹnikẹ́ni ò sì jọ ẹni tó ń sá fún nǹkan kan. Felicia wo àwòrán yẹn títí àkókò ìsinmi rẹ̀ fi tán. Ó ya ojú ìwé náà, ó ká a, ó kì í bọ àpò aṣọ iṣẹ́. Obìnrin tí kì í mú abẹ́rẹ́ oníabẹ́rẹ́ ni o.

Nígbà tó délé ní Springdale, ó fi han Mobáyọ̀ ọkọ rẹ̀.

“Bàbá Túndùn, irú èyí ni mo fẹ́ ṣe ní Sátidé, kí ẹ tó gbéra. Kò ní í pọ̀. Ènìyàn mélòó kan, ká jókòó jẹ́jẹ́, ká jẹun.”

Mobáyọ̀ wo àwòrán náà títí. “Ọbẹ̀ nínú kọ́ọ̀pù?”

“Pepper soup ni màá bù sí i.”

“Kí Alàgbà Akínwùmí wá jókòó sílẹ̀, pẹ̀lú orúnkún tó ń dùn ún?”

“Ẹ̀ ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.”

“Mi ò fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣe é. Ó tiẹ̀ dáa kí bàbá náà wá gbàdúrà fún ọmọ náà kó tó lọ.”

Ọ̀rọ̀ náà tán lẹ́nu wọn níbẹ̀, àwọn méjèèjì ò sì wo ara wọn lójú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, kí ẹ má baà máa wá a kiri. Túndùn, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, ọmọ ọdún mẹ́tàlá, gbà pé òun àti bàbá òun ń lọ sí Nàìjíríà fún ọ̀sẹ̀ méjì. Irọ́ ni. Bàbá rẹ̀ ló máa lo ọ̀sẹ̀ méjì. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fẹ́ fi ọmọ náà sílẹ̀ lọ́hùn-ún, ní ilé ìwé bọ́dìńgì kan lẹ́yìn Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti yan bẹ́ẹ̀dì tí yóò máa sùn lé. Gbogbo àgbà tí Felicia fẹ́ pè wá jẹun ló mọ̀. Ọmọ náà nìkan ni kò mọ̀. Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun láàárín wa nígbà yẹn. Àwa tí a ń kọ́ ọmọ pé irọ́ ò dáa, holiday la máa ń pè é.

Oṣù Kẹsàn-án ọdún 1996 yẹn ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Túndùn àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì sá nílé ìwé, wọ́n lọ ń rìn kiri nínú mall. Ilé ìwé pe Mobáyọ̀ síbi iṣẹ́ rẹ̀ ní Beltsville, níbi tí ìjọba ti ń ṣe ìwádìí ọ̀rọ̀ àgbẹ̀, tí òun sì ń tọ́jú ìwé nípa àwọn màlúù. Mobáyọ̀ kì í ṣe ìkà. Ṣùgbọ́n bẹ́líìtì ni bàbá tirẹ̀ fi tọ́ ọ, bẹ́líìtì náà ló yọ. Ní ọjọ́ kejì, olùkọ́ rí ojú egba lápá ọmọ. Ní ọjọ́ kẹta, obìnrin ìjọba kan tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọdé jókòó sórí àga wọn pẹ̀lú bírò lọ́wọ́, ó mú Túndùn wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Bàbá àti ìyá jókòó sí pálọ̀ ara wọn bí àlejò. Nígbà tí obìnrin náà jáde, ó ní ọmọ náà sọ pé òun fẹ́ràn àwọn òbí òun, ṣùgbọ́n tí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, ó di ilé ẹjọ́.

Mobáyọ̀ ò jẹun fún ọjọ́ méjì. Ẹ̀rù bà á, kí n má parọ́ mọ́ ọn. Ó rí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lọ́wọ́ ara rẹ̀, ó rí iṣẹ́ tó bọ́, ó rí ọmọ rẹ̀ nílé àwọn tí kò mọ̀ rí. Lẹ́yìn náà ló wá sọ pé, “Ọmọ yìí máa lọ sílé kí wọ́n tó gbà á lọ́wọ́ wa.” Felicia ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ní òun á gbàdúrà sí i. Ó ṣì ń gbàdúrà lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì.

Òun náà ni ọkọ rẹ̀ ní kó sọ ti holiday náà fún ọmọ. Ó ní, “Tìẹ ló máa gbà gbọ́.” Òótọ́ ni. Túndùn gbà á gbọ́. Ó tiẹ̀ dì mọ́ ìyá rẹ̀, ó ní ṣé àwọn á lọ rí ibi tí wọ́n sin Màmá sí.

Màmá ni ìyá Felicia. Ọdún 1983 tí wọ́n bí Túndùn ní Langley Park ni ìyá náà ti Ọ̀yọ́ wá gbé ọmọ, oṣù mẹ́ta tó ní òun á lò di ọdún mẹ́rin. Felicia ń ti ibi iṣẹ́ kan bọ́ sí òmíràn, Mobáyọ̀ ń kàwé, ìyá yìí àti ọmọ ọmọ rẹ̀ ni wọ́n jọ ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan. Yorùbá Ọ̀yọ́ tó jinlẹ̀ ni wọ́n jọ ń sọ. Ọmọ náà á fọwọ́ lé ìbàdí, á ní, “Ẹ gbọ́ ná, Màmá,” gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tí ìyá padà sílé, Túndùn wọ ilé ìwé. Olùkọ́ ní kí wọ́n má máa sọ èdè méjì sí i, pé yóò dà á láàmú. Wọ́n gbà. Kò pé ọdún kan, èèbó nìkan ló kù lẹ́nu rẹ̀. Ìyá náà kú ní ọdún 1991, Felicia ò lè lọ sin ín nítorí pé ìwé ìgbélùú wọn kò tíì jáde. Láti ìgbà tí ọmọ náà ti fi Yorùbá sílẹ̀ ni òun àti ọkọ rẹ̀ ti ń sọ ọ̀rọ̀ àṣírí níwájú rẹ̀ láìrẹ ohùn sílẹ̀, bí ẹni pé àga ló wà níbẹ̀.

Sátidé yẹn, ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Kejìlá, ilẹ̀ ti dì láti àárọ̀. Felicia jí ní kùtùkùtù. Ó gbé ẹran ewúrẹ́ kaná, èyí tó lọ rà lọ́dọ̀ Mùsùlùmí tó ń pa á bó ṣe yẹ, nítorí Mùlíkàt ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń bọ̀. Ó se ìrẹsì, ó se mọ́ínmọ́ín inú agolo, ó din dòdò. Túndùn bá a gé àlùbọ́sà. Omi ń bọ́ lójú àwọn méjèèjì, wọ́n sì ń fi ara wọn rẹ́rìn-ín.

“Mommy,” ni ọmọ náà wí ní èèbó, “ṣé kí n mú ìwé sáyẹ́ǹsì mi dání? Ọjọ́ kẹjọ oṣù Kínní la máa fi project sílẹ̀.”

“Mú un dání.”

“Ó wúwo o.”

“Ṣáà mú un dání.”

Felicia kọjú sí sítóòfù. Ó ní ata ló ta sí òun lójú.

Lókè, àpótí mẹ́ta ló wà nílẹ̀. Túndùn fúnra rẹ̀ ló di èyí tó kéré, aṣọ ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ńlá méjì, bàbá rẹ̀ ló dì wọ́n, ó fi àgádágodo sí i, ó ní ẹrù àwọn ẹbí ni. Sálúbàtà funfun ló wà níbẹ̀, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, táwẹ́ẹ̀lì mẹ́fà, mílíìkì inú agolo, ọṣẹ ìfọṣọ. Felicia ló fi òwú dúdú ran orúkọ Túndùn sára aṣọ àti táwẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan. Ibi iṣẹ́ ló ti ń ran án, ní àkókò ìsinmi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì tí ìwé aláwòrán yẹn wà. Ibẹ̀ ló ti rí àwòrán náà, ibẹ̀ ló sì ti wù ú pé kí ọmọ òun ní ìrọ̀lẹ́ kan ṣoṣo tó dùn, tí yóò máa rántí.

Ní aago mẹ́rin, àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Mùlíkàt ló kọ́kọ́ wọlé, ó fi ìbòrí méjì wé orí àti etí, ó ń ṣépè fún òtútù. Fẹ̀yìntọlá tẹ̀lé e, èyí tí òun àti Felicia jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, pẹ̀lú Zoe ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́wàá. Alàgbà Akínwùmí, àgbà ìjọ wọn, ló dé kẹ́yìn. Wọ́n ti sọ fún bàbá náà pé kó wọ súwẹ́tà lásán wá. Agbádá ló wọ̀, ó fi kóòtù lé e, ó fẹ̀ débi pé kò lè gba ẹnu ọ̀nà kọjá tààrà.

Níbi tí òtútù wà, iṣẹ́ ọmọ ilé ni láti gba kóòtù lọ́wọ́ àlejò. Kò sí ibi tí a lè fi gbogbo wọn kọ́, orí bẹ́ẹ̀dì là ń kó wọn jọ sí. Túndùn gbà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kó wọn lọ sí yàrá ìsàlẹ̀. Tirẹ̀ ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kóòtù pupa tuntun, onífìlà, tí Felicia rà fún un ní oṣù Kọkànlá. Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí ènìyàn fi ń ra kóòtù òtútù fún ọmọ tí òun mọ̀ pé kò ní í rí òtútù mọ́. Mo bi ara mi bẹ́ẹ̀ náà. Lójú tèmi, ara irọ́ náà ni. Mo sì tún rò pé obìnrin náà fẹ́ kí irọ́ yẹn di òótọ́.

“Sístà Felicia, ṣé NEPA ti dé Springdale ni?” ni Fẹ̀yìntọlá kígbe nígbà tó rí àwọn àbẹ́là. “Èmi tí mo tìtorí òkùnkùn sá kúrò ní Mushin!”

“Jókòó jàre, ilẹ̀ ni o, má wá àga kiri.”

Wọ́n jókòó sílẹ̀ lóòótọ́, àfi Alàgbà tí wọ́n fún ní àga. Mùlíkàt ò jókòó. Ó tẹ̀lé Felicia wọ kíṣìnì láti bá a bu ọbẹ̀. Túndùn dúró nídìí síǹkì, ó ń fọ àwọn kọ́ọ̀pù.

“Ìyá Túndùn, ṣé ẹ ti sọ fún ọmọ yìí?” ni Mùlíkàt bi í.

“Rárá o. Bàbá ẹ̀ ní kó dé ọ̀hún ná.”

“Ọjọ́ tí bàbá ẹ̀ bá wọ plane láìsí òun ló máa mọ̀ nìyẹn.”

“Àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ̀ máa wà níbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀.”

Mùlíkàt gbé ìgbakọ sílẹ̀. “Ẹ jẹ́ n sọ nǹkan kan fún yín, torí pé èmi ò rí ẹni sọ ọ́ fún mi. Ọdún kẹta rèé tá a ti fi Basit ọmọ mi sílẹ̀ ní Ìlọrin. Holiday náà la pè é. Tí mo bá fi phone card pè é, màá bi í pé ṣé ó ti jẹun. Yes, ma. Ṣé ara ẹ̀ le? Yes, ma. Kí ló fẹ́ kí n fi ránṣẹ́? Nothing, ma. Ó ń ṣe dáadáa nílé ìwé o, gbogbo ènìyàn ń kí mi kú oríire. Wallahi, Ìyá Túndùn, mi ò ní ọmọ mọ́. Ẹnì kan ló kàn wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ orúkọ ẹ̀.”

“Ẹ rọra sọ̀rọ̀ ná.”

“Ṣé ó ń gbọ́ ni?”

“Kò gbọ́. Yorùbá ti kúrò lẹ́nu ẹ̀ látìgbà tí ìyá mi ti lọ. Ọdún mẹ́rin tó máa lò ní bọ́dìńgì yẹn, ṣebí kó lè tún gbọ́ ọ náà ni.”

“Ẹ sọ fún un lónìí. Tó bá máa ké, kó ké síbí, lọ́wọ́ yín. Tó bá máa bú yín, kó bú yín lójú yín. Ó sàn ju yes, ma lọ.”

Omi ń ṣàn nínú síǹkì. Kọ́ọ̀pù kan ṣoṣo ni Túndùn ń fọ̀, láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ló sì ti ń fọ̀ ọ́. Felicia sọ fún un ní èèbó pé ó ti mọ́, kó gbé e wá. Ọmọ náà gbé e wá. Ọwọ́ rẹ̀ ti pọ́n nítorí omi gbígbóná. “Thank you, baby,” ni Felicia wí, ó sì bu pepper soup kún un.

Fún nǹkan bíi wákàtí méjì, àwòrán inú ìwé yẹn ṣẹ. Yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lóde, àbẹ́là ń jó, gbogbo wọn di kọ́ọ̀pù wọn mú, ata ń mú kí imú máa ṣomi. Fẹ̀yìntọlá ń sọ bí òun ṣe wọ bàtà aláwẹ́ rìn nínú yìnyín ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí òun dé, pé òun rò pé funfun lásán ni, òun ò mọ̀ pé ó ń gé ènìyàn jẹ. Alàgbà rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ awò ojú rẹ̀ nù. Túndùn ń gbé oúnjẹ kiri, ó ń kó àwo tó ti ṣófo, kò jókòó. Felicia ń wò ó láti ìhà kejì pálọ̀, ọkàn rẹ̀ sì rọ̀. Ọ̀rọ̀ Mùlíkàt ti wọ̀ ọ́ lára. Ó pinnu níbẹ̀ pé tí àwọn àlejò bá ti lọ, òun á mú ọmọ òun jókòó, òun á sọ òótọ́ fún un, ohun tó bá fẹ́ kó tẹ̀yìn ẹ̀ wá. Ó tiẹ̀ ti ń to ọ̀rọ̀ náà jọ lọ́kàn.

Mobáyọ̀ ní kí Alàgbà gbàdúrà ìrìn àjò. Bàbá náà dìde, ó ní kí Túndùn wá kúnlẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé e lórí, ó sì gbàdúrà ní Yorùbá bó ṣe máa ń gbà á, láìfi nǹkan kan pamọ́ fún Ọlọ́run.

“Olúwa, ọmọ yìí rèé, ó ń lọ. Ilé ìwé tí yóò wọ̀, jẹ́ kó rí ojú rere níbẹ̀. Ọdún mẹ́rin tí yóò lò, má jẹ́ kó ṣàìsàn. Mú agídí kúrò lọ́kàn rẹ̀. Bí bàbá rẹ̀ bá ti fi í sílẹ̀ tó padà wá, ìwọ ni kí o jẹ́ bàbá fún un.”

“Àmín,” ni gbogbo wọn wí.

“Àmín,” ni Túndùn wí, lẹ́yìn tí àwọn yòókù ti dákẹ́.

Felicia la ojú. Ọmọ náà ti dìde, ó ti ń kó kọ́ọ̀pù. Kò sí nǹkan kan lójú rẹ̀. Felicia sọ fún ara rẹ̀ pé gbogbo ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ló mọ Àmín.

Aago méje ò tíì lù tí Alàgbà fi ní kí àwọn máa lọ kí ojú ọ̀nà tó burú. Mobáyọ̀ mú ṣọ́bìrì jáde lọ ha yìnyín kúrò lára mọ́tò àwọn àlejò. Túndùn kó kóòtù wá láti yàrá. Ó fún kálukú ní tirẹ̀, ó di ti Alàgbà mú títí bàbá náà fi rí apá agbádá rẹ̀ kì bọ̀ ọ́. Nígbà tó kan Zoe, kóòtù méjì ló kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé ti Zoe fún ìyá rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ níwájú ọmọ náà, ó gbé kóòtù pupa wọ̀ ọ́, ó fa síìpù rẹ̀ sókè dé àgbọ̀n. Ọwọ́ rẹ̀ bo ọwọ́ Zoe mọ́lẹ̀.

“Túndùn, kí lò ń ṣe?” ni Felicia bi í ní èèbó.

“Mo fi ta á lọ́rẹ.”

“Kí lo máa wọ̀ lọ́la? Kí lo máa wọ̀ tí ẹ bá padà dé? Òtútù á ṣì wà.”

Orúnkún Túndùn ṣì wà nílẹ̀. Ó yíjú sí Alàgbà Akínwùmí, ó la ẹnu, ohùn ìyá Felicia ló sì jáde níbẹ̀, Yorùbá Ọ̀yọ́ tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ nílé yẹn fún ọdún mẹ́sàn-án.

“Ẹ ṣeun àdúrà, Bàbá. Kóòtù yìí tóbi fún un báyìí. Ọdún mẹ́rin pọ̀, yóò bá a mu.”

Zoe nìkan ló ń yí ká, inú rẹ̀ ń dùn sí kóòtù tuntun. Alàgbà wo Mobáyọ̀ lẹ́yìn fèrèsé, ó wo Felicia, ó wo ilẹ̀.

Ẹ wá wo ohun tí Felicia ṣe. Ó rẹ́rìn-ín. Ojú àwọn àlejò wà lára rẹ̀, ìtìjú bò ó, ẹ̀rín ló sì rí. Ó pàtẹ́wọ́, ó ní, “Ẹ gbọ́ ọ! Ọmọ mi gbọ́ Yorùbá!” Fẹ̀yìntọlá náà bá a rẹ́rìn-ín, ó ní ayé ń yí o, Alàgbà ní ògo ni fún Ọlọ́run, wọ́n sì jọ rọ́ lọ sẹ́nu ọ̀nà. Mùlíkàt ò rẹ́rìn-ín. Ó fọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ Túndùn, ó wo Felicia bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀, ó sì jáde láìkí ẹnikẹ́ni pé ó dàárọ̀.

Ó wá ku àwọn méjèèjì. Túndùn ń kó àwo jọ. Ó sọ̀rọ̀ ní èèbó, ohùn rẹ̀ ò sì ga.

“Mommy, tí mo bá ní mi ò lọ ńkọ́?”

Páásípọ́ọ̀tù wọn wà nínú báàgì Felicia, báàgì náà wà lórí àga, kò ju ìgbésẹ̀ mẹ́ta lọ. Ó lè gbé e pamọ́. Ó lè dúró níwájú ọkọ rẹ̀ kó ní ọmọ òun ò lọ mọ́. Ó tilẹ̀ lè wí pé má bínú. Ọ̀rọ̀ tó ti ń tò jọ láti ìrọ̀lẹ́ ṣì wà lọ́kàn rẹ̀, ó ti la ẹnu. Ló bá gbọ́ tí Mobáyọ̀ ń gbọn yìnyín kúrò ní bàtà lẹ́nu ọ̀nà.

“Lọ wẹ̀,” ni ó wí. “Ìrìn àjò wà lọ́la.”

“Okay.”

Ọmọ náà ò ké. Ó fẹ́ àwọn àbẹ́là pa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì gòkè lọ. Felicia dúró síbẹ̀ pẹ̀lú kọ́ọ̀pù lọ́wọ́, ó ń gbọ́ bí omi ṣe ń dà lókè. Kò tíì kórìíra ara rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí láyé.

Ní ọjọ́ kejì ní pápákọ̀ òfuurufú Dulles, òtútù náà ń wọ eegun. Túndùn wọ súwẹ́tà lásán láti mọ́tò dé ẹnu ọ̀nà. Felicia bọ́ kóòtù ara rẹ̀, ó fẹ́ fi bò ó. Ọmọ náà sún sẹ́yìn, kò bínú, kò fajú ro, ó kàn sún sẹ́yìn. Kí wọ́n tó wọlé, ó kúnlẹ̀ fún ìyá rẹ̀ níwájú àwọn òyìnbó, ó ní, “Ó dàbọ̀, mà.” Títí di ọjọ́ yẹn, Mommy ló ń pè é.

Mobáyọ̀ padà dé ní ọjọ́ karùn-ún oṣù Kínní, òun nìkan. Felicia bi í pé ṣé ọmọ náà ké. Ó ní kò ké. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó bo ojú, òun ló sì ké.

Ẹnikẹ́ni ò lè sọ pé ètò wọn ò yọrí sí rere. Túndùn ń gba ipò kìíní. Ó ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin, ó ń fọ aṣọ fúnra rẹ̀. Alàgbà Akínwùmí fi ṣe àpẹẹrẹ nínú ìwàásù nígbà méjì. Tí Felicia bá pè é ní ìyàrá ọ̀gá ilé ìwé, á ní ara òun le, mà, òun ti jẹun, mà, òun ò fẹ́ nǹkan kan, mà. Ìsinmi ìgbà ooru tí wọ́n ní kó wá lò lọ́dọ̀ wọn, ó ní òun ní ẹ̀kọ́ láti kà. Felicia fi àwòrán yẹn pamọ́ sínú Bíbélì fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó ya á sí wẹ́wẹ́.

Ṣùgbọ́n kóòtù yẹn ò lọ. Tí oṣù Kọkànlá bá ti dé báyìí, ní Sunday, ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì á ṣí, pupa á wọlé, Felicia á ti fẹ́ dìde. Zoe ni. Ní ọdún kìíní, apá rẹ̀ gùn ju ọwọ́ Zoe lọ. Ní ọdún kejì, ó bá a mu. Ní òtútù kẹta, kò balẹ̀ dé ọrùn ọwọ́ mọ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1999, Fẹ̀yìntọlá fọ̀ ọ́, ó ká a sínú ọ̀rá, ó gbé e padà wá. Ó ní, “Ẹ má bínú, Sístà, ó ti fún Zoe. Mo ní kí n dá a padà fún oní-nǹkan.”

Felicia gbé e kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá ìsàlẹ̀, níwájú bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n máa ń kó kóòtù lé. Wọn ò tún pe àlejò láti ọjọ́ àsè yẹn. Ní ọjọ́ Kérésìmesì, ó tẹ nọ́ńbà ilé ẹ̀gbọ́n Mobáyọ̀ ní Ìbàdàn, níbi tí Túndùn ti ń lo ìsinmi. Ohùn tó dá a lóhùn ti di ohùn obìnrin. Wọ́n kí ara wọn. Wọ́n sọ ti ara líle, ti ìdánwò, ti ẹbí. Lẹ́yìn náà ẹ̀rù ba Felicia pé káàdì fóònù á tán.

“Kóòtù pupa rẹ ti padà dé o,” ni ó wí. “Mo fọ̀ ọ́, mo fi kọ́. Ó ń dúró dè ẹ́.”

Fẹ̀yìntọlá ló fọ̀ ọ́. Ó ṣì ń parọ́ fún ọmọ náà.

Felicia ń gbọ́ àwọn ọmọdé tó ń ṣeré lẹ́yìn Túndùn, adìyẹ kan ń ké.

“Mo ti ga jù ú lọ, mà,” ni ó wí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. “Ẹ fún ọmọ mìíràn.”